Máàpù àti Ilé Onítáyà Rẹ̀

Máàpù ni gbogbo àwọn awakọ̀ tírélà ń pè é, débi pé àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Kò sí ọ̀nà tí kò mọ̀. Bí afárá kan bá wó níbì kan, òun ni wọ́n máa ń pè láti béèrè ibi tí wọ́n lè gbà, á sì dá wọn lóhùn lórí fóònù bí ẹni tó ń júwe yàrá ara rẹ̀: "Tó o bá ti kọjá ilé epo, má wo ọ̀tún o. Ọ̀tún yẹn á tàn ẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ ni kò mọ ọ̀nà kankan. Aránṣọ ni. Láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù, láti ṣọ́ọ̀bù dé ọjà, ibẹ̀ ni ayé tirẹ̀ mọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń sáré kiri, òun ló dá tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, òun ló ń gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn bí ara rẹ̀ bá gbóná, òun ló ń bá onílé fa wàhálà. Ọkọ á dé, á sùn bí igi tó wó, á jẹun, á tún gbéra. Bó bá sì ti rí i pé ojú ìyàwó òun kò dáa, á ní, "Ìyá wọn, ṣe sùúrù. Ọjọ́ tí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ohun tí ojú mi ti rí ni ojú tìẹ náà á rí."

Ìyá wọn á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ìrì àárọ̀ ni ìlérí ọkùnrin.

Àfi bí ọkùnrin náà ṣe wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ní òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó ti ẹni tó ń fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ sígbà náà, ó wọ́ bọ́ọ̀sì àlòkù kan tí wọ́n ti fi ń kó ọmọ ilé-ìwé rí wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ó tú gbogbo ìjókòó inú rẹ̀ dànù. Káfíńtà wá kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù, wẹ́dà jó irin mọ́ òrùlé kí wọ́n lè gbé táńkì omi lé e, òun fúnra rẹ̀ sì de sítóòfù onígáàsì kékeré mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀. Ó ní ilé onítáyà ni.

"Ẹ̀yin ọkùnrin," ni Ìyá wọn wí, bó ṣe ń wọn ojú fèrèsé láti rán kọ́tìnnì sí i, "ilé tó dúró sójú kan ò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá lọ wá ẹsẹ̀ fún ilé."

"Kó lè máa bá mi sáré ni."

Máàpù alára sáré lóòótọ́. Bí káfíńtà bá jókòó láti sinmi, ojú rẹ̀ á le. Ìyá wọn bi í pé kí ló ń lé e. Ó ní òjò ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.

Ọmọ wọn, tó ti di nọ́ọ̀sì, kò fẹ́ ìrìn náà rárá. "Màmá, ṣé ẹ ò rí i pé Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan ni?"

"Àgbà wo ni kì í gbàgbé? Èmi alára, mo wá abẹ́rẹ́ títí lánàá, àṣé ẹnu mi ló wà."

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ dúró sí ni etí adágún omi ńlá kan, níbi tí àwọn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tò sí lábẹ́ igi. Máàpù tẹ́ àga síta, ó po tíì fún ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá wọn jókòó, ó ń wo omi tí kò rí òdìkejì rẹ̀. Ó rẹwà débi pé inú bí i. Èyí náà ni ọkọ òun ń wò, ó rò ó lọ́kàn, lọ́jọ́ tí òun ń pọ̀n ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà nínú ẹrẹ̀. Kò sọ ọ́ jáde. Ó mu tíì rẹ̀. Iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀ dípò ṣúgà, kò sì sọ ìyẹn náà.

Ní ọjọ́ kejì, Máàpù lọ pọn omi nídìí ẹ̀rọ. Ó pẹ́. Ẹni tó mú un padà wá ni tíṣà kan tí ọkọ̀ tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọkùnrin aláwàdà. Ó ní, "Màmá, ẹ wá gba ọkọ yín o. Orí bẹ́ẹ̀dì wa la bá a, ó ń bi ìyàwó mi pé ṣé oúnjẹ ti jinná." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Máàpù ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù.

Ìyá wọn ní kí wọ́n padà sílé, ọkọ rẹ̀ kọ̀. Ó ní òkun ló kù, ó di dandan kí ìyàwó òun rí òkun. Wọ́n gbéra, wọ́n rìn títí wọ́n fi dé oríta kan tí ọ̀nà ti pín sí mẹ́ta. Ó tẹ bírékì. Ọkọ̀ dúró sí àárín títì gan-an. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn họ́ọ̀nù, wọ́n ń bú u bí wọ́n ṣe ń yà kọjá. Máàpù gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọwọ́ ìdarí ọkọ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀.

"Ìyá wọn, èwo ni ká gbà?"

"Èmi lẹ̀ ń bi?"

Máàpù kọjú sí oríta náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ ni. Mo gbé ẹrù lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán mi, mo sùn síbẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Àwọn ọ̀nà ń kú mọ́ mi lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pa iná ilé láti yàrá dé yàrá. Mo ní kó o rí díẹ̀ kó tó ṣú tán."

Ìbínú tí Ìyá wọn ti gbé mì létí omi gòkè wá, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò bí lé lórí.

Tírélà kan rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Awakọ̀ rẹ̀ yọ orí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ọ̀gá Máàpù! Ọlọ́run ló rán yín. Wọ́n ti dí ọ̀nà iwájú. Ibo ni kí n gbà já sí etíkun?"

Máàpù wo awakọ̀ náà. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ara ọ̀gá yín ò yá," ni Ìyá wọn dáhùn. Ó na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀ rí pa iná ẹ́ńjìnnì, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Awakọ̀ tírélà náà rí i. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ìyá wọn, ó wọlé sí ìdí ọkọ̀, ó rọra gbé bọ́ọ̀sì náà lọ síwájú ilé epo tó wà nítòsí, kò sì béèrè ọ̀nà mọ́.

Ọkọ ọmọ wọn ló wá wakọ̀ gbé wọn padà sílé. Ọmọ dáadáa ni. Ó ń ṣe àwàdà lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Máàpù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn bí ẹrù tí wọ́n kò mọ ẹni tó ni ín.

Wọ́n gbé ilé onítáyà sí ẹ̀yìnkùlé. Koríko hù yí táyà rẹ̀ ká. Ní gbogbo òwúrọ̀, Máàpù á wọ bàtà, á lọ jókòó sí ìdí ọkọ̀, á máa yí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ láìsí kọ́kọ́rọ́. Ìyá wọn a máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa gán etí aṣọ. Nígbà mìíràn, wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ di ọ̀sán. Ìyá wọn kò rí ọkọ rẹ̀ lójúkojú tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́, Ìyá wọn wọ inú ọkọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Máàpù yíjú sí i, ó tẹ orí ba díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ibo lẹ̀ ń lọ?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò pè é ní "ẹ" rí. Ó dùn ún dé egungun. Ó di irin ilẹ̀kùn mú.

"Etíkun ni," ló sọ.

"Ẹ jókòó. Ọ̀nà jìn."

Ó jókòó. Ọkùnrin náà yí ọwọ́ ọkọ̀ lọ sọ́tùn-ún, ó yí i lọ sósì, ó ń fi ẹnu ṣe ohùn ẹ́ńjìnnì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi ń ṣàn lójú gíláàsì. Nígbà tó yá, ó tẹ bírékì.

"A ti dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, Màmá. Ẹ rọra sọ̀."

Ìyá wọn fẹ́ sọ pé òun kò sọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọkọ rẹ̀ balẹ̀ bó ṣe ń dúró dè é, ojú ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ní, "Ẹ ṣeun o," ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú koríko tútù. Máàpù juwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó kọjú síwájú. Obìnrin náà dúró nínú òjò títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára, kí ó tó wọlé lọ gbé omi kaná.