Nọ́ńbà Tó Wà Lábẹ́ Àga Ẹ̀yìn

Ẹnu mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ màmá mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, torí bí mo bá fi bò, àwọn tó mọ̀ mí ní Alaba, níbi tí mo ti ń ta wáyà iná, yóò tú u síta kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo máa ń fèsì kí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, máa ń sọ pé ibi tí wọ́n ti ń pín sùúrù lọ́run, èmi ò dúró gba tèmi.

Bàbá mi ló ni ọkọ̀ náà. Ìjàpá ni, ọkọ̀ roboto àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń tò ó nígbà kan wà ní Ọ̀jọ́ níbí, bàbá mi sì bá wọn ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n kú, ọkọ̀ náà jókòó sẹ́yìn ilé, adìyẹ ń yé ẹyin sí i. Èmi gan-an ni mo ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin. Màmá mi ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, àwọn àti onítọ̀hún ni. Mo yáa fi sílẹ̀.

Ìgbà tó yá ni rọpárọsẹ̀ kọlu màmá mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀, apá ọ̀tún kọ̀, ọ̀rọ̀ sì wá ń wúwo lẹ́nu wọn. Dókítà ní kí wọ́n máa wá sí físíò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi eré ìdárayá jí apá àti ẹsẹ̀ tó bá ti kú. Ó ní bí a bá jáfara, ẹsẹ̀ yẹn á gan, kò sì ní í ṣe é tẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ tí a háyà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ga. Èmi àti dẹ́rẹ́bà gbé màmá mi sókè bí ẹni gbé àpò gààrí, ìró tú lára wọn lójú títì, gbogbo àdúgbò ń wò. Màmá mi sunkún. Obìnrin tí kì í yọjú sẹ́nu ọ̀nà láìwé gèlè! Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Mo bẹ̀, mo jágbe, mo tún bẹ̀. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

Ìjàpá ló yọ wá. Wẹ́dà kan ní Alaba yọ àga iwájú kúrò, ó ṣe òmíràn tó ń yí. Bí a bá ṣílẹ̀kùn, àga á yíjú síta, màmá mi á jókòó wọ̀ọ̀ bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ara rẹ̀, màá yí i wọlé, á sì dè pinpin. Mo tún pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, mo fi búrẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ òde òní sí i. Lọ́jọ́ tí màmá mi rí i, wọ́n fi ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì ń gbọ́, pa bọ́nẹ́ẹ̀tì lórí. Wọ́n ní, “Ọkọ̀… bàbá ẹ.” Wọ́n wọlé láìjà. Láti ìgbà náà, a ò pa físíò jẹ rí. Ẹsẹ̀ tó ti ń gan bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, wọ́n sì ń fi igi tilẹ̀ rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé. Apá ló kù. Ó kàn ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni. Kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n gbà láti wọ̀, bó ti wù kó dára tó.

Wàyí o, ródíwọ́dì ọkọ̀ náà parí. Ìwé yẹn ni ìjọba fi ń jẹ́rìí pé ọkọ̀ yẹ lójú títì, kí wọ́n sì tó fún ni, wọ́n á yẹ ọkọ̀ wò láti òkè délẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ọkọ̀ tó ti darúgbó, tá a tún ti pààrọ̀ inú rẹ̀ tán, kí ni wọn ò ní í rí wí sí i? Mo pinnu pé yóò dán débi pé ojú á ti ẹni tó bá fẹ́ bú u. Mo gbé e lọ bá pẹ́ńtà kan ní Òkòkòmáikò, ọmọ Ọ̀yọ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Mo ní, “Inú, ìta, abẹ́ àga, gbogbo ẹ̀ ni kó o kùn. Mi ò fẹ́ rí ihò, mi ò fẹ́ rí àpá. Kó jọ̀lọ̀ ni mò ń wí.”

Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Ó ní, “Mọ́mì, nǹkan kan wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn tí mo fẹ́ kí ẹ…” Èrò kún ìsọ̀ mi lọ́wọ́ yẹn, oníbàárà méjì ń fa wáyà kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mo ní, “Ṣé èmi ni pẹ́ńtà ni àbí ìwọ? Ohun tí mo ní kó o ṣe ni kó o ṣe!” Mo pa fóònù. Ó sì ṣe ohun tí mo ní kó ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wa Ìjàpá wọ ọgbà àyẹ̀wò pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọ̀gá tó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ ènìyàn tútù tí kì í kánjú. Ó tẹ búrẹ́ẹ̀kì, ó ní ó dáa. Ó yí àga màmá mi síta, ó yí i wọlé, ó fa bẹ́líìtì rẹ̀, ó mi orí. Inú mi ti ń dùn. Ó wá gbé àga ẹ̀yìn sókè, ó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Irin kan yọ gọngọ láàárín ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ àga yẹn, orí irin náà ni wọ́n sì máa ń tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí láti iléeṣẹ́. Irin tèmi jọ̀lọ̀ bí àwo tánńganran.

“Màdámú, nọ́ńbà dà?”

“Nọ́ńbà wo?”

“Nọ́ńbà ṣásíì. Èyí tó wà nínú ìwé yín.”

Ohun tí pẹ́ńtà fẹ́ sọ fún mi nìyẹn o! Nọ́ńbà tó jin wọnú irin, ó ti fi pọ́tì dí i, nǹkan bí amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, ó sì ti kùn ún mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pa á láṣẹ. Dípò kí n dákẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: ọkọ̀ bàbá mi ni, gbogbo Ìbà tí à ń gbé ló mọ̀ ọ́n, ta ló fẹ́ lọ jí Ìjàpá? Ọ̀gá náà jẹ́ kí n rojọ́ tán.

Ó ní, “Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ́ńjìnnì kì í ṣe tiẹ̀, àga kì í ṣe tiẹ̀, àwọ̀ kì í ṣe tiẹ̀. Ọkọ̀ tó ti paradà tó báyìí, nọ́ńbà yẹn nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí rẹ̀. Ẹ lọ wá a jáde. Tí ẹ bá gbé e padà wá lọ́jọ́rú, màá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ẹ̀rọ gríńdà ha á, tí nọ́ńbà bá bá a lọ, kò sẹ́ni tó lè ràn yín lọ́wọ́ mọ́.”

Ọjọ́bọ̀ sì ni físíò màmá mi.

Mo délé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sọ òtítọ́. Mo ń retí kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn ń wá ọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kó tó jáde. “Ọ̀rẹ́… bàbá ẹ. Ọ̀tọ̀.” Bàbá àgbàlagbà kan ni wọ́n ń wí, tó ń gbé ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, tí òun àti bàbá mi jọ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ yẹn. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ tá a ti sin bàbá mi, n kò dé ọ̀dọ̀ wọn rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀.

“Háà! Ṣé o ṣì mọ ọ̀nà?”

“Ẹ má bínú, Bàbá.”

“Mo bínú o. Ṣùgbọ́n jẹun ná, ká tó mọ̀ bóyá kí n lé ẹ.”

Wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ àti àkàrà. Mo jẹ ẹ́, mo rojọ́ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní, “Bàbá ẹ náà kì í gbọ́rọ̀ tán. Ibẹ̀ lo ti mú u.” Wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní ká máa lọ.

Nígbà tí a gbé Ìjàpá dé ṣọ́ọ̀bù pẹ́ńtà, ọkùnrin náà ni mo kọ́kọ́ bẹ̀. Kò rọrùn fún mi, mi ò ní í purọ́. Mo ní, “Ìwọ lo jàre. O fẹ́ sọ ọ́, mo pa ẹ́ lẹ́nu mọ́.” Ó wolẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, mo fẹ́ pè yín padà. Ẹ̀rù yín ló bà mí.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ó ti mú gríńdà dání. Bàbá ní kó gbé e sílẹ̀. Wọ́n wọnú ọkọ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò wọn irin àárín náà láti ẹ̀yìn bọ̀ níwájú, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì. “Àárín ibí ló wà. Má fọwọ́ kan ibòmíràn. Igi ni kó o fi ha á, torí irin á jẹ irin.” Pẹ́ńtà da oògùn tó ń bó ọ̀dà sí i, ó dúró kó wú, ó fi pátákó pẹlẹbẹ ha á kúrò. Ó tún da òmíràn sí i. Wọ́n ṣe é títí oòrùn fi kan àtàrí. Bàbá ká kò sínú ọkọ̀ kékeré náà, wọn ò ráhùn lẹ́ẹ̀kan. Èmi dúró síta, mo di ẹnu ara mi mú.

Nígbẹ̀yìn, bàbá fọ́ ṣọ́ọ̀kì sórí irin náà, wọ́n fi ìka pa á wọnú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ nu ojú rẹ̀. Nọ́ńbà yọ funfun báláú, kò sí ọ̀kan tó sọnù. Mo fi wé ti inú ìwé, mo pariwo débi pé àwọn tó wà ní òdìkejì títì sáré wá. Pẹ́ńtà mi orí, ó ní, “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.” Bàbá ní, “Ọmọ tuntun wo? Ọkọ̀ tó tó bí ẹ lọ́mọ! Ẹ wá fà mí jáde jàre, ẹ̀yìn ń ro mí.” Mo ti kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ elépo níbẹ̀, mo ń dúpẹ́, aṣọ mi bàjẹ́, mi ò bìkítà.

Lọ́jọ́rú, bàbá tẹ̀ lé mi. Ọ̀gá àyẹ̀wò tan tọ́ọ̀ṣì, ó ka nọ́ńbà náà sókè, ó wo ìwé, ó tún un kà. Ó béèrè ẹni tó bá mi wá a jáde. Mo fi bàbá hàn án, wọ́n ti sùn lọ lórí àga màmá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i. Mo dúpẹ́, ó ní iṣẹ́ òun ni. Mo ní mo mọ̀, kó jẹ́ kí n dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ó lè ti ọkọ̀ náà mọ́ ọgbà lọ́jọ́ Ajé, pàápàá pẹ̀lú ariwo tí mo pa fún un, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló gbà mí lọ́wọ́ ẹnu mi lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi bú mi. Mo ṣì ń gbàdúrà fún wọn.

Lọ́jọ́bọ̀, a gbéra. Màmá mi ní kí n kó ìwé ọkọ̀ lé àwọn lẹ́sẹ̀, mo sì kó o lé wọn ní itan. Ní Ìyànà Ìbà, òṣìṣẹ́ ojú títì kan dá wa dúró, ó yọjú ní fèrèsé ọ̀dọ̀ màmá mi, ó ní ká mú ìwé wá. Mo na ọwọ́ sí ìwé náà. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu mi fún ọkùnrin náà, ó gbóná.

Màmá mi ní, “Dákẹ́.”

Ó jáde geere, kò wúwo rárá. Mo dákẹ́. Wọ́n wá gbé ìwé náà kúrò lórí itan, ó ń gbọ̀n, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lẹ́nu fèrèsé kí ọkùnrin náà tó gbà á. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi gbé e.