Òòfà Ọrùn Bàbá Onísítọ́ọ̀

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí o. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣọ́ sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń fi yìnyín tọ́jú ẹja létí òkun. Kò sí ọjọ́ kan tó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ láìso òòfà mọ́ ọrùn. Okùn bàtà ló fi so ó. Bàbá Olóòfà là ń pè é, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Kò sí irin tó gbọdọ̀ wọlé kí òòfà yẹn má kọ́kọ́ kàn án lára. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin lásán ni, yóò dípẹtà, ìta ni yóò sùn. Èyí tí kò bá lẹ̀, Bàbá á gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, á tì í pa, á wá máa wo gbogbo wa bí olè. Bí o bá mú ìwé ẹrù wá fún un, á fọwọ́ gbá a dànù: "Ìwé lè parọ́. Òòfà mi ni kí ẹ bi!" Adájọ́ dé.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Léètì, torí pé ẹ̀rọ léètì ni mo fi ń gbẹ́ irin níbẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń fa omi òkun wọlé láti mú ẹ̀rọ yìnyín tutù ló ń da ẹ̀mí mi láàmú. Omi iyọ̀ a máa jẹ ọ̀pá tó ń yí nínú rẹ̀, oṣù mẹ́ta ò lè pé kí n má gbẹ́ òmíràn. Mo pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ kí máníjà tó ra ọ̀pá mọ́nẹ́ẹ̀lì. Ojúlówó àpòpọ̀ irin nìyẹn: bí ìdá méjì níkẹ́ẹ̀lì, ìdá kan bàbà. Omi òkun ò rí i gbé ṣe. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ìdí ọkọ̀ ojú omi, òun náà ni àwọn elépo rọ̀bì ń lò níbi tí ásíìdì ti ń jẹ irin mìíràn run. Ó wọ́n, ó sì lágídí: bí ọ̀bẹ léètì bá kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ láì gé e, ńṣe ló ń le sí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Mo wà lẹ́nu ìsinmi lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé ọ̀pá náà dé. Òjò ti rọ̀ láti òru, sítọ́ọ̀ sì fara ti yàrá yìnyín, gbogbo nǹkan tutù nini. Bàbá gbé òòfà sí i, òòfà rọra lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Irin lásán! Wọ́n rò pé ojú mi ti fọ́!" Ló bá ké sí ọkọ ọmọ rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ pọ́ǹpù, pé kó gbé e lọ sórí òkìtì irin tó wà lẹ́yìn ilé. Ìyẹn ní, "Ó dáa, Bàbá," ó gbé e lọ. Bàbá wá fa ọ̀pá mìíràn yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń dán gbinrin, òòfà ò sì fà á. Ìyẹn ni wọ́n fi sínú pọ́ǹpù. Bàbá lọ sọ fún máníjà pé ọ̀pá tuntun ti wọnú pọ́ǹpù.

Lóṣù kẹrin, ọ̀pá dídán yẹn ti lu ihò bí asẹ́, ó kán. Yìnyín yọ́, ẹja jẹrà, gbogbo àdúgbò fọwọ́ bomú. Máníjà ní mọ́nẹ́ẹ̀lì kì í kán bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni tó ń ṣọ́ pọ́ǹpù kò bá fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́. Ó ní kí ọkọ ọmọ Bàbá wá ṣàlàyé ara rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ lóyún oṣù méje.

Mo rí èyí tó kán yẹn, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe mọ́nẹ́ẹ̀lì, irin dídán tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí ni. Ọkọ ọmọ Bàbá ròyìn ọjọ́ òjò yẹn fún mi, ni mo bá tú òkìtì irin títí ìpẹtà fi pọ́n aṣọ mi. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọ̀pá mọ́nẹ́ẹ̀lì wa, láàárín àwọn irin tó ti dípẹtà bàjẹ́. Ó kàn ṣú díẹ̀, ó sì ní àwọ̀ ewé lára. Ṣé ẹ rí ìwà ìkà?

Mo gé díẹ̀ lára rẹ̀, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì máníjà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, níbi tí Bàbá àti ọkọ ọmọ rẹ̀ wà, pẹ̀lú ìkòkò yìnyín àti kẹ́tùrù omi gbígbóná. Mo gba òòfà lọ́rùn Bàbá. Nínú yìnyín, ó lẹ̀. Mo da omi gbígbóná lé e, ó já bọ́ sórí tábìlì.

"Mọ́nẹ́ẹ̀lì nìyí. Bó bá tutù, òòfà á fà á díẹ̀," mo ní. "Bó bá gbóná, ó tán. Ká ní inú oòrùn ọ̀sán ni Bàbá ti dán an wò, a ò ní wà níbí."

Máníjà wo irin náà títí. "Ta ló wá gbé e sórí òkìtì?"

Bàbá Olóòfà tó ti ń làágùn gbé ojú sókè. "Ọkọ ọmọ mi ló gbé e."

Ẹ gbà mí o! "Ta ló rán an?" Mo ti jágbe kí n tó mọ̀.

Máníjà yíjú sí ọkọ ọmọ náà. "Ẹnì kan rán ẹ ni?"

Ó wo bàbá ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ku oṣù méjì péré. Ó wolẹ̀. "N ò rántí, sà."

Wọ́n já lẹ́tà lé ọkọ ọmọ náà lọ́wọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́. Mo sọ títí ohùn mi fi há, máníjà ní kí n lọ dojú kọ léètì mi. Ó wá bọ Bàbá lọ́wọ́, ó ní inú òun dùn sí i pé kò tìtorí ẹni rẹ̀ bo òtítọ́. Bàbá sì dúpẹ́! Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wà nílé tọkọtaya náà, a ń jẹun. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọmọ Bàbá dìde pẹ̀lú oyún rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn gbayawu. Bàbá rẹ̀ ló dúró síta, ó di ọsàn sínú ọ̀rá.

"Ẹ káalẹ́, Bàbá."

"Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Kò sí nílé."

Ọkọ rẹ̀ rèé lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ iná, ṣíbí lọ́wọ́. Bàbá wò ó. Ìyẹn ò gbójú sókè. Ọmọ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kò sì fọwọ́ kan ọsàn.

"Ó dáa," Bàbá wí. "Bó bá dé, bá mi kí i."