Ológbò tó ń sọ èdè Ìbàdàn

Misbaudeen télọ̀, ọmọ Bẹ́yẹrúnkà n'Ìbàdàn, wá ológbò inú kátúùnù tó fẹ́ràn ní kékeré jáde lórí fóònù, kí àwọn ọmọ ẹ̀ náà lè fẹ́ràn ẹ̀. Ni ológbò bá fọ òyìnbó. Ẹnu ya Misbaudeen: láti ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé aládùúgbò ló ti máa ń wò ó nígbà náà, kò gbóhùn ẹ̀ rí; òun fúnra ẹ̀ ló máa ń fi èdè Ìbàdàn bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀.

"Bàbá, kò dùn," Zulaihat àkọ́bí ẹ̀ wí.

Misbaudeen bá pa ohùn fóònù, ó fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ ológbò bíi ti àtijọ́: "Ẹ̀yin eku Bẹ́yẹrúnkà, ẹ ò lójútì! Ta ló jẹ ẹja mi?"

Ẹ̀rín sọ. Ìgbà méje ni wọ́n ní kó tún un ṣe.

"Bàbá," ni Zulaihat wí, "ẹ má jẹ́ kó fọ òyìnbó mọ́ o."