Fíìmù Abanilẹ́rù Nílé Bàbá Tísà

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọlé Bàbá Tísà l'Ọ̀wọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni òkú tó ń jáde nínú pósí. Mo lọgun. Báàgì já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó Bàbá, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá, bú sẹ́rìn-ín lórí àga wọn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má sá. Tẹlifíṣọ̀n ni."

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Fisió ni wọ́n ń pe iṣẹ́ mi. Tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu èèyàn, tí apá kan ara kò gbọ́ràn mọ́, èmi ni mo máa ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tún dìde, bí yóò ṣe mú ṣíbí, bí yóò ṣe gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì. Ọ̀rọ̀ sísọ ní àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí wọn ò bá sí, fisió náà ni. Ọmọ ìlú Ute ni mí, iṣẹ́ ọsibítù ló gbé mi wá s'Ọ̀wọ̀, mo sì máa ń lọ bá àwọn tí kò lè jáde nínú ilé wọn. N ò ní sùúrù láyé mi, iṣẹ́ yìí ló fi tipátipá kọ́ mi.

Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó ìfẹ́ fíìmù àtijọ́ bọ̀: èyí tí òkú ń mu ẹ̀jẹ̀, èyí tí nǹkan àjèjì ń já bọ́ láti ojú sánmà sí abúlé òyìnbó, tí ọlọ́pàá á gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó, tí kò ní padà wá. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fláàṣì tí wọ́n bá wọn kó o sí ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Poly.

Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á fa kọ́tìnnì, Màmá á gbé abọ́ ẹ̀pà sísè sórí itan, Bàbá á sì máa tú fíìmù sí Yorùbá. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà Bàbá á máa sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "Ó ní kó má ṣílẹ̀kùn yẹn o. Wò ó, ó ti ń ṣí i." Màmá á ní: "Kí ló ń wá nínú ihò òkú? Ṣé kò níyàá ni?" Bẹ́ẹ̀ ni ilé wọn ṣe rí kí àìsàn tó dé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Bàbá ò sọ ohunkóhun mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ò gbéra, ẹnu ti wọ́ síbì kan, ògiri ni wọ́n máa ń wò.

Bọ́lá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Abuja. Ẹgbẹ́ mi ni. Ó pè mí lórí fóònù pé tí oṣù mẹ́ta bá pé, òun ń bọ̀ wá gbé Dádì lọ sọ́dọ̀ òun.

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n ní àwọn ò lè fi ilé sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè máa gun àtẹ̀gùn ilé mi lójoojúmọ́."

"Ṣé ẹ ti bi Bàbá?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀? Tí wọ́n bá lè fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ò lọ, mo gbà. N ò ní jà."

Bàbá gbọ́, nítorí fóònù mi máa ń pariwo. Omi bọ́ lójú wọn. Kò sí ohun tó ń dùn mí tó kí àgbàlagbà máa sunkún níwájú mi. Ni mo bá gbé dígí síwájú wọn. "Bàbá, ẹ ya ẹnu, ẹ sọ pé Aaa." Wọ́n pa ẹnu dé. "Ẹ fẹ́ atẹ́gùn jáde, bí ẹni ń fẹ́ iná." Wọ́n yíjú sí ògiri. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ògiri náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé kan, ó sú mi. Mo jókòó ti Màmá, mo ki ọwọ́ bọ abọ́ ẹ̀pà. Fíìmù ń lọ. Màmá béèrè, bó ṣe ti mọ́ wọn lára: "Kí ni wọ́n ń sọ?" Wọ́n wo Bàbá, wọ́n wolẹ̀. Àánú wọn ṣe mí, mo ní kí n tú u.

Ẹ gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì àwọn èèyàn yẹn, imú ló ń gbà jáde, ìlàjì ni mò ń gbọ́. Ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí n lajú tán. Arákùnrin kan tó wọ aṣọ dúdú ń bá ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ nínú ilé ńlá. Mo ní: "Màmá, bàbá ọmọ yẹn nìyẹn. Ó ní òun ò fẹ́ kó fẹ́ dókítà."

"Ẹ wo bàbá burúkú!" ni Màmá wí.

Mo gbọ́ gbì. Bàbá ti fi ọwọ́ òsì lu àga. Ojú wọn ti kúrò lára ògiri, èmi ni wọ́n ń wò, bí tísà ṣe ń wo ọmọ tí kò kàwé wá sí ìdánwò. Ara mi jí pépé. Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Arákùnrin náà yọ eyín gígùn síta, ó dojú kọ ọrùn ọmọbìnrin yẹn. Mo ní: "Bàbá rẹ̀ ti ń súre fún un báyìí."

"I... irọ́!"

Ẹ̀pà dà nù. "Jésù! Bàbá Bọ́lá!" Mo juwọ́ sí Màmá pé kí wọ́n dákẹ́. "Bàbá, ta wá ni?" Òógùn bo iwájú orí wọn. "Ò... kú." Èmi àti Màmá, à ń rẹ́rìn-ín, à ń sunkún.

Mo gbé dígí jù sílẹ̀. Irọ́ di iṣẹ́ mi. Mo sọ aláṣọ dúdú di kátíkíìsì ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọkọ̀ àwọn ará ojú sánmà di táńkì omi. Bàbá ń bínú, wọ́n ń tọ́ mi sọ́nà, ọ̀rọ̀ kan di méjì. Mo máa ń gbé rìmóòtù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn, mo máa ń dá fíìmù dúró níbi tó ti dùn jù. Tí wọ́n bá fẹ́ rí i, àfi kí wọ́n na ọwọ́ tó wúwo yẹn. "Ẹ máa fojú bú mi lọ, Bàbá, ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń bi mí pé inú ìwé wo ni mo ti rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí aláìsàn máa ń ṣe fún ará ilé rẹ̀ kí àìsàn tó dé.

Sátidé ni Bọ́lá dé. Ẹrù Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Fíìmù ń lọ, a ò pa á. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga.

"Dádì, mọ́tò ti wà níta. Ṣé ẹ̀ ń bá mi lọ?"

Bàbá yíjú sí ògiri. Gbogbo irọ́ tí mo ti pa, ṣé ó máa já sásán lónìí? Mo fẹ́ bá wọn sọ ọ́, mo gé ètè mi jẹ. Màmá tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀pà tí wọ́n ń bó, wọn ò jẹ ẹ́.

"Mi... ò lọ."

Bọ́lá di ọwọ́ wọn mú. "Dádì, màá tọ́jú yín dáadáa."

"Mo mọ̀." Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n na ìka ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí kò tíì lè gbé ṣíbí, sí Màmá. "Ta ni... ó máa... tú u... fún ìyá rẹ?"

Bọ́lá gbórí lé orúnkún bàbá rẹ̀, ó ń sunkún. Màmá fi ìborùn nu ojú.

"Bọ́lá, kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n. Bàbá Bọ́lá, ọkùnrin yẹn ti dé ẹnu ihò òkú. Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Ó ní... kó má... ṣí i."

Mo wo ojú fíìmù. Ó ti ń ṣí i.