Àwọn Ìkòkò Tí Wọ́n Ń Retí Fadékẹ́mi

Ọmọ Ògúnlàdé ni Fadékẹ́mi, Ògúnlàdé olùkọ́ tí ó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé ní Ìjerò, tí agogo ilé-ẹ̀kọ́ kò sì lù ṣáájú rẹ̀ rí. Ní ìhà ti ìyá, ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò ìlú Ara ni ó ti ṣẹ̀ wá, àwọn obìnrin tí ń fi ẹ̀yìn rìn yípo amọ̀ títí amọ̀ yóò fi ní ikùn, tí yóò sì ní ọrùn. Ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀ kì í pa ọjọ́ ọjà jẹ, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. À bá rò pé ẹni tí ó ti irú ìdí bẹ́ẹ̀ wá kò ní í mọ ìmẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ogún tí a kò bá fi ọwọ́ ara ẹni gbé, ilẹ̀ ni yóò wà.

Nígbà tí Fadékẹ́mi fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Màmá Jemimah, ẹnì kan ṣoṣo tí ó ṣì ń mọ ìkòkò ní agboolé wọn ní Ara. Ó ní orí fóònù ni òun yóò ti máa bá a ta á.

“Màmá, ẹ má jẹ́ kí ìkòkò kankan jáde kí n tó yà á ní fọ́tò. Ojoojúmọ́ ni n ó máa gbé wọn síta fún aráyé.”

Màmá rẹ́rìn-ín. “Ojoojúmọ́? Ìwọ tí ìwàásù máa ń parí kí o tó dé ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Háà, Màmá! Mo ti yí padà o.”

“Ó dáa. Mo gbọ́. Ọ̀kankan kò ní í jáde.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi ṣe é, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láti Adó àti Ìbàdàn. Ní ọjọ́ kẹwàá, òjò rọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá, iná kò sí láti fi sáàjì fóònù. Lẹ́yìn èyí, ó ní fọ́tò òun kò dára tó, pé òun yóò kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń yà á. Ó ra ọ̀pá tí a fi ń gbé fóònù dúró. Ó ń múra sílẹ̀ títí oṣù mẹ́ta fi kọjá, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú Ara.

Nígbà tí ó padà dé inú ọgbà Màmá nínú ọyẹ́, ìkòkò mọ́kànlélógójì ni ó bá nínú yàrá àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a da aṣọ bò wọ́n.

“Màmá, kí ló dé tí ìkòkò fi kún ibi gbogbo?”

“Ìwọ ni wọ́n ń retí. Beatrice oníbàárà mi wá láti Ìjerò, mo ní a kò tíì yà wọ́n ní fọ́tò. Ó tún wá, mo ní a kò tíì yà wọ́n. Ó bi mí bóyá ìkòkò mi fẹ́ gba ìwé ìrìnnà ni.”

“Ẹ kò sì pè mí?”

“O ní ojoojúmọ́ ni o ó máa wá. Ta ni í pe ẹni tí ó ti wà lọ́nà?”

Ìbínú kò sí nínú ohùn rẹ̀, èyí gan-an ni ó gún Fadékẹ́mi lọ́kàn. Láràárọ̀ ni obìnrin àgbà náà ti ń nu eruku orí wọn kí wọ́n lè dán nínú fọ́tò. Fadékẹ́mi kúnlẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni ó lọ bẹ Beatrice, alátùntà tí ó ti ń ra ìkòkò Màmá láti ogún ọdún.

“Àǹtí, Màmá kò ṣẹ̀ mí o,” ni Beatrice wí. “Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá ra ìkòkò lọ́wọ́ mi, ṣé fọ́tò ni n ó gbé fún un? Mo ti rí ibòmíràn rà.”

Fadékẹ́mi padà sí Ara. Ó da aṣọ orí ìkòkò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ya fídíò láìlo ọ̀pá, ó sì sọ níbẹ̀ pé, “Èmi ni mo jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ àgbàlagbà yìí jókòó sílẹ̀ láìtà.” Kò tún ṣe ìlérí ojoojúmọ́ mọ́. Ó bi Màmá léèrè bí àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé ara wọn, ó sì so fọ́tò yíyà mọ́ wọn. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, ohun tí Màmá bá ń ṣe ni yóò gbé jáde, ìbáà ṣe amọ̀ gígún, ìbáà ṣe ìkòkò sísun, ó dára, kò dára. Kò sì sí ìkòkò tí ó tún ń dúró dè é kí ó tó jáde.

Ó di ọdún mẹ́ta báyìí. Ọjọ́ ọjà méjì péré ni ó ti pa jẹ, ó sì lè dárúkọ méjèèjì. Nínú ìkòkò mọ́kànlélógójì náà, márùn-ún ṣì wà nílẹ̀. Beatrice kò padà. Fadékẹ́mi kò di olókìkí, kò sì sọ pé òun san gbèsè ọkàn òun tán. Ohun tí a lè kà fún un ni pé àwọn tí ń ra ìkòkò Màmá Jemimah lónìí ju àwọn tí ń rà á kí Fadékẹ́mi tó dé lọ, díẹ̀ ni wọ́n sì fi jù wọ́n.