Àmúsà, Tó Ru Owó Orí Àwọn Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Wọ́n ń sọ ní Deira, ní Dubai, pé owó orí ló lé Àmúsà kúrò nídìí òwò kágò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé wa tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n ló lé e.

Ó pẹ́ tó ti ń kó ẹrù láti Sharjah lọ sí Èkó. Ó ní láísẹ́ǹsì òwò, ó ní àkáǹtì ilé-iṣẹ́, físà òun àti Nusirat ìyàwó rẹ̀ sì so mọ́ láísẹ́ǹsì náà. Oníṣòwò tí kò ní irú rẹ̀ á ní kí wọ́n san owó òun sínú àkáǹtì Àmúsà, kó bá òun san án fún ọlọ́jà. Kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ta ni yóò kọ̀ fún ọmọ ilé rẹ̀ lẹ́yìn odi?

Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, wọ́n dá àwọn kéékèèké sí. Kékeré ni ti Àmúsà. Ṣùgbọ́n oníṣirò rẹ̀, ará India, sọ pé gbogbo owó tó gba àkáǹtì náà kọjá ni wọn yóò kà sí tirẹ̀, kò sì ní jẹ́ kékeré mọ́, àfi bí àwọn tó ni ín bá fọwọ́ sí i pé tàwọn ni.

Àmúsà lọ bá Adétutù, oníṣòwò aṣọ, tí owó tirẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Adétutù kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyàwó. Lẹ́yìn náà ló gbà á nímọ̀ràn pé kó kó ilé-iṣẹ́ lọ sí Bahrain, pé ọjà kan náà ni gbogbo Gulf, owó orí ibẹ̀ ò sì tíì le.

Àmúsà ní, “Adétutù, iye tí wọ́n ń gbà ni ò tíì dọ́gba. Ìbéèrè wọn ti ń dọ́gba: ta ló ni owó? Ṣáà bá mi fọwọ́ sí i.”

“Kí wọ́n lè wá béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ èmi náà? Ẹ̀gbọ́n, khalas, ó parí. Ọlọ́run á bá yín ṣe é.”

Ẹnì kankan kò fọwọ́ sí i. Àmúsà ta ọkọ̀ ẹrù rẹ̀, ó san owó orí lórí èrè tí kò jẹ, ó dá láísẹ́ǹsì padà. Físà bá a lọ, Nusirat sì ti padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Àmúsà fúnra rẹ̀ ń ka páálí fún ọlọ́jà kan tó gba físà fún un, ní Al Quoz ní Dubai.

Àwọn ará ilé dá owó fún un nípàdé wọn, wọ́n sì gbàdúrà gígùn. Ó ṣe àmín. Owó náà ni kò gbà.