Sùfíyánù Tí Kò Lè Fò

Lọ́dún tí ogun Hítílà parí, tí Sùfíyánù ọmọ Alfa Mọ̀múdù wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà ní Tàmálè nílẹ̀ Gánà, kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí èèyàn fi lè pè é ní eléré ìdárayá. Kò ga, kò sì kúrú. Bí wọ́n bá ń sáré, àárín èrò lẹ ó ti rí i. Bí wọ́n bá ní kó fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kúrò nílẹ̀ díẹ̀, á sì tètè padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀.

Tíṣà Láńtè, ará Àkrà, ló mú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ dé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ó ti ṣe akọ̀wé ní bárékè àwọn sójà Amẹ́ríkà nígbà ogun, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ òrùka irin méjì, ó kàn wọ́n mọ́ pátákó lókè òpó, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ tó bá ju bọ́ọ̀lù sínú òrùka jù ló borí.

Ìsá ni gbogbo ojú kọ́kọ́ lọ bá. Ọmọ Dàgòńbà láti Kanvili ni, ó ní láti tẹ orí ba kó tó wọlé, ó sì ń fò bí ẹtu. Tíṣà Láńtè yan Ìsá, ó yan àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó kan Sùfíyánù, ó ní, "Ìwọ, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni kí o máa gbá."

Sùfíyánù kò bínú, kò sì lọ. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Àwọn yòókù ń wo Ìsá, òun ń wo bọ́ọ̀lù. Ó rí i pé èyí tí wọ́n bá jù láti ọ̀tún, tí kò bá wọlé, òsì ló sábà máa ń ta sí. Ó rí i pé bí Ìsá bá ti fẹ́ fò, kì í wo ẹ̀gbẹ́ mọ́. Bí àárẹ̀ bá mú ẹnìkan, wọ́n á ní kí Sùfíyánù wá dí àyè rẹ̀. Kò pẹ́ tí Ìsá fúnra rẹ̀ fi lọ bá tíṣà.

"Sà, ẹgbẹ́ tí Sùfíyánù bá wà ló máa ń borí."

"Kí ló ń ṣe?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ibi tí mo bá fẹ́ lọ, mo ti ń bá a níbẹ̀."

Bó ṣe wọ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ọ̀ràn ilé ló kù. Alfa Mọ̀múdù, ọmọ Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní àdúgbò Changli, gbọ́ pé ọmọ òun ń wọ ṣòkòtò péńpé ṣeré, ó ń ṣí orúnkún sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó ránṣẹ́ pè é.

"Ṣé eré ni mo ní kí o lọ kọ́?"

"Rárá, Bàbá. Ó wà lára ẹ̀kọ́ wa ni."

Àrìnkẹ́, ìyá rẹ̀, ń gbọ́ wọn. Ọjọ́ kejì ló rán ṣòkòtò kan tó kọjá orúnkún. Òun ni Sùfíyánù ń wọ̀ ṣeré, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Abọ́ tánńganran ni Àrìnkẹ́ ń tà. Bí wọ́n bá ń já abọ́ láti orí lọ́rì, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń jù ú láti ìsàlẹ̀ ikùn, jẹ́jẹ́, kí ara rẹ̀ má baà bó. Láti kékeré ni Sùfíyánù ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣe é. Nígbà tí jíju bọ́ọ̀lù láti òkè orí kò bá a lára mu, bó ṣe ń ju abọ́ ló ń jù ú, ó sì ń wọlé.

Nígbà ọyẹ́, àwọn sójà tó ti Bọ́mà dé wá bá wọn figagbága. Alfa Mọ̀múdù wá wò ó. Àrìnkẹ́ ló bẹ̀ ẹ́. Àwọn sójà há Ìsá mọ́ àárín, kò ráyè fò. Nígbà tí bọ́ọ̀lù dọ́wọ́ Sùfíyánù, sójà kan fi èjìká gbá a lulẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè, ó ní kí Sùfíyánù dúró sójú ìlà, kó jù ú láìsí ìdíwọ́. Ó tẹ̀ ba, ó jù ú láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ wo ìyàwó tó ń da omi ìfọbọ́ nù," sójà kan wí.

Bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n tún gbá a lulẹ̀, ó tún jù ú wọlé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ, Ìsá bọ́. Sùfíyánù kò ju bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ mọ́, Ìsá ló ń jù ú sí. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì borí, àmọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ju àwọn sójà lọ.

Alfa Mọ̀múdù dúró dè é lábẹ́ igi.

"Gbogbo wọn ń fò, ìwọ dúró."

"Ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ni mo dúró sí, Bàbá."

Alfa gbójú wo oòrùn. "Ó dáa. Àsìkò Alásárì ń lọ. Wá ṣe àlùwàlá."

Lọ́dún tó kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Sùfíyánù ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́. Ìsá wọ ọlọ́pàá, wọ́n gbé e lọ sí Àkrà. Sùfíyánù lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Gurugu, ó fẹ́ Sàfúrátù ọmọ olóbì, ó sì ń ju bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.